Ṣíbólẹ́tì: Òfin Ìdìbò Tí Kò Dárúkọ Ẹ̀yà Kankan

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi í pamọ́ di alẹ́.

Àwọn tó wà lórí WhatsApp àwọn ẹ̀ka wa ní Amẹ́ríkà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Brọ́dà wa kan tó ń gbé ní Houston ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí ohun tó burú nínú kí ìjọba ní kí èèyàn mú ìwé ìdánimọ̀ wá kó tó dìbò. Ó ní ní Nàìjíríà níbí, tí o kò bá ní PVC, ilé rẹ ni wàá jókòó sí lọ́jọ́ ìbò. Sístà wa kan ní Atlanta dá a lóhùn pé òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni àwọn òfin tuntun wọ̀nyí, pé wọ́n fi ń dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́nà ni. Ọ̀rọ̀ ń gbóná, ó ń gbóná, títí ẹnì kan fi pe ẹnì kejì ní ẹrú òyìnbó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn méjì ti jáde kúrò nínú gúrúùpù náà. Ọ̀kan nínú wọn kò wá sí ìsìn ní Sunday tó tẹ̀lé e.

A kò lè dákẹ́, torí àwa fúnra wa jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà kan tí a lọ bẹ ẹ̀ka wa kan wò ní Georgia, a sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé ẹni tí kò lè lọ gba káàdì kó lè dìbò, ọ̀lẹ ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Gbọ̀ngàn ìjọ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀ka náà ń lò nígbà yẹn, wọ́n máa ń yá wa lò ní ọ̀sán Sunday. Màmá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wọn jókòó sẹ́yìn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, Màmá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn bi wá pé, “Pásítọ̀, ní ìlú yín, ta ló ń fún yín ní káàdì yẹn?” A ní ìjọba ni, INEC. Wọ́n ní, “Èló?” A ní ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní, “Ẹni tó forúkọ yín sílẹ̀ náà ló ń fún yín ní káàdì?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá mi orí. Wọ́n ní bàbá àwọn, ní Alabama, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà, bẹ́ẹ̀ díákónì tó ń ka Bíbélì fún ìjọ ni. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lọ bá àwọn obìnrin kó abọ́.

Ìbéèrè Màmá yẹn ló rán wa lọ sí ìdí ìwé ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká gba inú Bíbélì débẹ̀. Nínú Onídàájọ́ orí 12, àwọn ará Gíléádì gba etí odò Jọ́dánì lọ́wọ́ àwọn ará Éfúráímù. Tí ẹnì kan bá fẹ́ sọdá, tó sì sẹ́ pé òun kì í ṣe ará Éfúráímù, wọ́n á ní kó pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Ṣíbólẹ́tì. Ará Éfúráímù á pè é ní Síbólẹ́tì, ó parí nìyẹn. 42,000 èèyàn ló kú. (Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má bínú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí wa. Tó bá jẹ́ àwa ni wọ́n dá dúró létí odò yẹn, ta ni ìbá délé?) Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Kò sí orúkọ ẹ̀yà nínú rẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ní kí gbogbo èèyàn pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó yan ọ̀rọ̀ náà ti mọ ahọ́n tí kò ní lè pè é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn. Lọ́dún 1870, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí, wọ́n fi Àtúnṣe Kẹẹ̀ẹ́dógún sínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara tàbí ìtàn ẹrú du ọmọ ìlú ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn adúláwọ̀ sì dìbò. Lọ́dún yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ Mississippi rán Hiram Revels lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó níbẹ̀, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, nínú ìjọ AME.

Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i lo ìbọn àti pàṣán lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bírò lágbára ju ìbọn lọ. Lọ́dún 1890, Mississippi kọ ìwé òfin tuntun. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ san owó orí, dọ́là méjì lọ́dún, owó ńlá nígbà yẹn fún àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Wọ́n tún ní ó gbọ́dọ̀ lè ka apá kan nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀, tàbí kó lè túmọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá kà á sí i létí. Ta ló ń pinnu bóyá ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa? Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ni, òyìnbó. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ “aláwọ̀ dúdú” sínú àwọn àṣẹ yẹn, ẹ ò ní rí i. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 1898, àwọn adájọ́ ní àwọn ka òfin náà, àwọn kò rí ẹlẹ́yàmẹ̀yà kankan lójú rẹ̀. Wọ́n dá Mississippi láre.

Louisiana tilẹ̀ ṣe tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1898 kan náà, wọ́n ṣe ìdánwò ìwé kíkà àti òfin pé kéèyàn ní dúkìá. Wọ́n wá rí i pé àwọn òyìnbó tálákà náà máa já. Ni wọ́n bá ní ẹni tí òun, bàbá rẹ̀ tàbí bàbá bàbá rẹ̀ bá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1867 tàbí ṣáájú, kó máa bọ̀, kó má ṣe ìdánwò. Adúláwọ̀ wo ni bàbá rẹ̀ ń dìbò ní Louisiana lọ́jọ́ yẹn? Lọ́dún 1896, 130,334 ni adúláwọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tó di 1900, ó ku 5,320.

Kí ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni, òfin Clifford ti 1922 tó kọ́kọ́ gbé ìbò wá sí Èkó àti Calabar náà sọ pé ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Kò dárúkọ alápatà, kò dárúkọ apẹja, kò dárúkọ ìyá alákàrà. Ṣé wọ́n dìbò?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ti Fannie Lou Hamer, torí inú ilé ìjọsìn ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oko òwú ló ń ṣiṣẹ́ ní Ruleville, Mississippi. Ó ti pé ẹni ọdún 44 kó tó gbọ́ rárá pé ènìyàn dúdú lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, níbi ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìjọsìn rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1962. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ na ọwọ́, ó na tirẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù yẹn, àwọn méjìdínlógún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Indianola. Wọ́n ní kó ka apá kan nínú ìwé òfin Mississippi, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Ó kà á, kò lè túmọ̀ rẹ̀, wọ́n já a. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọlọ́pàá dá bọ́ọ̀sì wọn dúró, wọ́n ní kí dírẹ́bà sanwó ìtanràn. Kí ló ṣe? Wọ́n ní ọ̀dà bọ́ọ̀sì náà jọ ti bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé jù. Ọ̀dà o! Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ, orin kan tán, ó dá òmíràn.

Nígbà tó délé lálẹ́, olóko ti ń dúró dè é: kó lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò tàbí kó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ṣiṣẹ́ lórí oko yẹn. Ó dá olóko lóhùn pé òun kò lọ forúkọ sílẹ̀ nítorí tirẹ̀, nítorí ara òun ni òun ṣe lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yìnbọn mẹ́rìndínlógún sínú ilé tó sá lọ. Ó padà lọ ṣe ìdánwò náà, ó sì gbọ́ ní 1963 pé òun ti yege. Nígbà tó wá fẹ́ dìbò, wọ́n ní rìsíìtì owó orí ńkọ́? Lóṣù kẹfà ọdún yẹn, wọ́n lù ú nínú àtìmọ́lé ní Winona débi pé ó gbé àpá rẹ̀ dé sàréè.

Àwọn tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ, ẹ sọ ìyẹn fún Hamer. Ẹ sọ ọ́ fún Jimmie Lee Jackson náà, díákónì ẹni ọdún 26 ní Marion, Alabama. Oṣù kejì ọdún 1965 ni ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yìnbọn fún un, níbi tó ti ń gbìyànjú láti dáàbò bo ìyá rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìwọ́de láti ilé ìjọsìn. Ikú rẹ̀ ló mú kí wọ́n pinnu láti fẹsẹ̀ rìn láti Selma lọ sí Montgomery. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, bíi 600 èèyàn jáde láti Brown Chapel, wọ́n dé orí afárá Edmund Pettus, àwọn ọlọ́pàá sì fi kóńdó àti tajútajú bá wọn. Gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ fi ọjọ́ kejì yìí sọ́kàn: ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, ọdún 1965 yẹn náà. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn òfin ìdìbò tí Johnson fọwọ́ sí òfin àwọn tó ń wọ̀lú, èyí tó fòpin sí ètò àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará Yúróòpù, tí wọ́n sì ń ti í mọ́ àwa. Ilé-ìgbìmọ̀ kan náà ló ṣe òfin méjèèjì, nígbà ìjà ẹ̀tọ́ kan náà. Bí o bá jókòó sí Houston lónìí tí o di ọmọ ìlú, tí o ń fi ìbò rẹ yangàn, ilẹ̀kùn tí o gbà wọlé, ọwọ́ àwọn bàbá Màmá yẹn wà lára àwọn ọwọ́ tó ṣí i.

Kí ni òfin 1965 ṣe? Ó fòpin sí ìdánwò ìwé kíkà ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù. Ó sì ní apá kan tí wọ́n ń pè ní Section 5. Ẹ wò ó bí ọmọ tó ti jí ẹran nínú ìkòkò rí: ìyá rẹ̀ á ní kó máa fi abọ́ rẹ̀ hàn òun kó tó jáde ní ilé ìdáná. Ìpínlẹ̀ tó bá ti ṣe irú ohun tí Mississippi ṣe kò lè yí ohunkóhun padà nínú òfin ìdìbò rẹ̀ láìkọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí ilé-ẹjọ́ ní Washington. Ó ṣiṣẹ́. Ní Mississippi, kò tó 7 nínú 100 adúláwọ̀ tó ti dàgbà tó ìdìbò tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kí òfin yẹn tó dé. Nígbà tó di 1967, ó ti súnmọ́ 60.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2013, nínú ẹjọ́ Shelby County, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ohùn 5 sí 4 sọ pé ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ ìpínlẹ̀ tó máa fi abọ́ hàn ti gbó. Adájọ́ àgbà John Roberts ní gúúsù ti yí padà, ọmọ kò lè máa jẹ̀bi ẹran tí bàbá rẹ̀ jí. Ká sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ẹni tó bá ju agboòrùn nù láàárín òjò torí pé ara rẹ̀ kò tíì tutù, ẹ kú ojú lọ́nà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, Texas kéde pé òfin ìwé ìdánimọ̀ tí wọn kò jẹ́ kó lò tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú òfin yẹn, láísẹ́ǹsì ìbọn tó, káàdì ọmọ yunifásítì ìjọba kò tó.

Ti North Carolina ló dùn wá jù, torí ó kan Sunday. Ẹ mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, ìdìbò lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan kí ọjọ́ ìbò gan-an tó pé. Àwọn ìjọ adúláwọ̀ máa ń kó ara wọn sínú bọ́ọ̀sì ìjọ lẹ́yìn ìsìn Sunday, ó di ibi ìdìbò, àwọn ìyá àgbà pẹ̀lú fìlà wọn. “Souls to the Polls” ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ẹjọ́ Shelby, gómìnà ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí òfin tó dín ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kù sí mẹ́wàá, Sunday kan sì bá a lọ. Ó tún fòpin sí kéèyàn forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò lọ́jọ́ kan náà. Kò dárúkọ adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé kóòtù, ó hàn pé àwọn aṣòfin ti béèrè fún àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó kọ òfin náà: ẹ̀yà wo ló ń lo ọ̀nà ìdìbò wo? Nígbà tí àkọsílẹ̀ dé ọwọ́ wọn, ọ̀nà tí adúláwọ̀ ń gbà jù ni wọ́n dí. Ìpínlẹ̀ náà tilẹ̀ ṣàlàyé fún kóòtù pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣí ibi ìdìbò ní Sunday ló ní adúláwọ̀ púpọ̀ jù. Ní oṣù keje ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Richmond fagi lé òfin náà, wọ́n ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣíbólẹ́tì nìyẹn, kò sí àní-àní.

Sístà wa ní Atlanta, a mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ dúró ná.

Gbogbo òfin ìwé ìdánimọ̀ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2005, ìgbìmọ̀ kan tí Jimmy Carter, ààrẹ tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú alága rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n máa béèrè ìwé ìdánimọ̀ níbi ìbò, tí ìjọba bá ti rí i pé ó dé ọwọ́ gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2008, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ti Indiana. Àwọn onímọ̀ méjì, Enrico Cantoni àti Vincent Pons, yẹ ìbò ọdún 2008 sí 2018 wò káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2021: wọn kò rí i pé òfin ìwé ìdánimọ̀ dín iye adúláwọ̀ tó ń dìbò kù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òótọ́ gbọ́dọ̀ ka ìyẹn náà.

Georgia fúnra rẹ̀ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Lọ́dún 2005, wọ́n ṣe òfin pé kí olùdìbò mú ìwé tó ní fọ́tò wá, wọ́n sì ń ta káàdì náà. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní owó orí mìíràn nìyí, ó dá a dúró. Ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2006, òfin sì dúró. Ìbéèrè Màmá nìyẹn: èló? ta ló ń fúnni?

Àmọ́ ọ̀fẹ́ náà ní ẹsẹ̀. Káàdì lè jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ìwé ọjọ́ ìbí tí wọ́n máa fi gbà á má sí. Àwọn àgbàlagbà adúláwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ilé ni agbẹ̀bí ti gbẹ̀bí wọn, lásìkò tí ilé ìwòsàn òyìnbó kò gba ìyá wọn. Àwa kọ́ ló yẹ kí ìyẹn ṣòro láti yé. Mélòó nínú wa ni ìyá rẹ̀ lọ búra fún ọjọ́ orí ní kóòtù kó tó rí pásípọ́ọ̀tù gbà? Mélòó nínú wa náà ló ti tò fún PVC títí di alẹ́ tí kò rí i gbà?

Òfin Georgia ti 2021 tí ẹ ń jà lé lórí ńkọ́? Pásítọ̀ Raphael Warnock ti ìjọ Ebenezer wọlé ìbò sẹ́nétọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún yẹn, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Georgia. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí òfin náà jáde. Àbá kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fẹ́ gé Sunday kúrò. Àwọn pásítọ̀ pariwo, wọ́n yọ ọ́. Èyí tó wá di òfin fi Saturday kún un, ó fi àyè Sunday sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dín àpótí ìbò ìta kù, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pín omi tàbí oúnjẹ fún àwọn tó wà lórí ìlà. Ààrẹ Biden fi wé òfin ìgbà Mississippi. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, àsọdùn ni, ó sì ń jẹ́ kí ìyà Hamer di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní o kò gbọdọ̀ fún ìyá àgbà ní omi lórí ìlà, tó sì jẹ́ pé àdúgbò adúláwọ̀ ni ìlà ti sábà ń gùn jù ní Atlanta, o gbọ́dọ̀ bi ẹni tó kọ ọ́ pé kí ló ń wá.

Ibi tí ìjà náà ti le jù lọ nìyí. Ẹgbẹ́ kan ní àfi kí wọ́n rí èrò burúkú lọ́kàn aṣòfin kí wọ́n tó pe òfin ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ilé-ẹjọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ní 1980. Ẹgbẹ́ kejì ní kí wọ́n wo ẹni tí òfin náà ń ṣe. Ilé aṣòfin kọ ìyẹn sínú òfin ní 1982. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ tún fún ìyẹn lọ́rùn díẹ̀. Wọ́n ṣì ń fà á.

Nígbà tí a gbé e síwájú Olúwa, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 ló wá sí wa lọ́kàn. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì kò rí oúnjẹ gbà. Kò sí àpọ́sítélì tó ṣòfin pé kí wọ́n má fún wọn. Pétérù ìbá ti ní, “Ẹ fi ìwé tí a kọ ọ́ sí hàn mí.” Kò béèrè ẹni tó ní èrò burúkú, kò sì pe àwọn opó ní ọ̀lẹ. Wọ́n yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́, kí wọ́n lọ bojú tó tábìlì.

Brọ́dà wa ní Houston, ìbéèrè yín kò burú, PVC tí ẹ fi ṣàpẹẹrẹ ni kò bára mu tán. Sístà wa, ìbínú yín ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ má pe ọmọ ìyá yín ní ẹrú mọ́. Ọ̀rọ̀ “ọ̀lẹ” tí a sọ lórí pẹpẹ ní Georgia, a kó o jẹ. A ti fi fóònù bẹ ìjọ yẹn, a ó sì tún un sọ lójú Màmá tí a bá dé ọ̀hún.

Ní Friday yìí, lẹ́yìn ìsọ́ òru, a ó dúró lórí Zoom fún ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìlú ní Georgia àti Texas, kó tó di ìgbà náà, ẹ lọ wò ó bóyá orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé olùdìbò. Tí ìyá àgbà kan bá wà ládùúgbò yín tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ẹ mú orúkọ wọn wá, ká mọ ẹni tó máa gbé wọn lọ.